Ọmọ mi wà lẹ́nu ẹjọ́, mi ò sì lówó lọ́yà: ṣé òótọ́ ni pé lọ́yà ọ̀fẹ́ wà?

Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló kọ̀wé sí mi. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 19, ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà, ó sì ku oṣù mẹ́rin kó gba fírídọ̀ọ̀mù. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń jó irin sọnù ní ṣọ́ọ̀bù, ni ọ̀gá rẹ̀ bá fi ọlọ́pàá mú un. Ọjọ́ mẹ́fà ló sùn sí àtìmọ́lé. Ó ti fọwọ́ síwèé níbẹ̀. Ogójì ẹgbẹ̀rún náírà ni ìyá rẹ̀ kó sílẹ̀ kí wọ́n tó fi í sílẹ̀, ọ̀gá sì ní àfi kí wọ́n san 350,000 náírà owó ẹ̀rọ. Ọlọ́pàá ti sọ pé àwọn máa gbé e lọ sí kóòtù Májísíréètì. Lọ́yà kan ṣoṣo tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ béèrè 250,000 náírà. Ìyá wá ní: "Wọ́n ní àwọn lọ́yà kan wà tí kì í gbowó lọ́wọ́ tálákà. Ṣé òótọ́ ni? Bó bá sì jẹ́ òótọ́, ṣé wọn ò ní fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ẹjọ́ ọmọ mi? Àwọn àgbà ní ohun tí a ò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́."

Ìyá mi, ẹ kú ìrọ́jú o. Ọlọ́run á bá yín kó wọn yọ. Òótọ́ ni, lọ́yà ọ̀fẹ́ wà, wọn ò sì jìnnà sí yín. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ka ìyókù, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ká mi lára jù: ẹ má dúró di ọjọ́ tí wọ́n máa pe ẹjọ́ kí ẹ tó wá wọn. Nínú gbogbo ẹjọ́ tálákà tí mo ti bá wọn rò, èyí tó bàjẹ́ nítorí pé wọn ò rí lọ́yà rárá kò pọ̀ tó èyí tó bàjẹ́ nítorí pé wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó wá a. Ọ̀la ni kí ẹ jáde nílé.

Ibi tó sún mọ́ yín jù ni ẹgbẹ́ àwọn amòfin. NBA, ẹgbẹ́ amòfin Nàìjíríà, ní ẹ̀ka ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kò dìgbà tí ẹ bá mọ ènìyàn níbẹ̀. Ẹ lọ sí ọgbà kóòtù láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, ẹ kí lọ́yà èyíkéyìí tí ẹ bá rí, kí ẹ ní ẹ fẹ́ rí alága tàbí akọ̀wé ẹ̀ka. Ẹ sọ ọ́ báyìí: "Ẹjọ́ ọmọ mi ni, agbára mi ò gbé owó lọ́yà, mo ń wá ẹni tó máa bá wa ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́." Kí ojú má tì yín. Ẹnu wa ti mọ́ ọn láti dá irú ọ̀rọ̀ yẹn lóhùn. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lè máà lè gba ẹjọ́ náà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kó mọ ẹni tó máa gbà á.

Àwọn àgùnbánirọ̀ tó jẹ́ amòfin náà wà. Lára iṣẹ́ ìlú tí àjọ NYSC ń yàn fún wọn ni kí wọ́n ran tálákà lọ́wọ́ nínú ọ̀ràn òfin. Bí ẹ bá dé ọ́fíìsì NYSC ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, ẹ béèrè bóyá amòfin wà lára àwọn tí wọ́n kó wá lọ́dún yìí. Wọ́n lè jọ ọmọdé lójú yín, àmọ́ wọ́n ti gbàwé ẹ̀rí, orúkọ wọn sì ti wọ ìwé àwọn amòfin. Adájọ́ máa gbọ́ ohùn wọn bó ṣe ń gbọ́ tèmi. Wọ́n sì máa ń ní àkókò jù wá lọ. Nígbà tí èmi náà jẹ́ àgùnbánirọ̀ ni mo kọ́kọ́ bá ènìyàn rojọ́ láìgba kọ́bọ̀, mo sì ṣì rántí pé alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ẹjọ́ náà, mi ò sùn. Mo ka fáìlì ọ̀hún títí mo fi mọ̀ ọ́n sórí.

Ẹ̀kẹta ni ti ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀, Legal Aid Council, àjọ tó ń fún tálákà ní lọ́yà ọ̀fẹ́. Láti ọdún 1976 ni òfin ti dá a sílẹ̀, òfin tó ń lò báyìí sì jẹ́ ti ọdún 2011. Ìbàdàn ni ọ́fíìsì wọn fún ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà, nǹkan bí 100 kìlómítà sí yín. Ìdí tí mo fi dárúkọ wọn láìka ọ̀nà sí ni pé ẹ̀sùn olè jíjà wà lára ẹ̀sùn tí òfin náà dárúkọ ní tààrà pé kí wọ́n bá tálákà rò. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà lọ ni wọ́n wà fún, 70,000 náírà lóṣù sì ni owó náà láti ọdún 2024.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń lé ara wọn padà láìtíì dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n á ní, "Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ tí mò ń tà lóṣù." Ìyá, owó tí ẹ tà kọ́ ni owó tó wọlé fún yín. Ẹ yọ owó ọjà, owó ọkọ̀, owó alábàárù àti owó ìsọ̀. Iye tó bá ṣẹ́kù ni wọ́n ń béèrè. Àti pé, ta ló tilẹ̀ ni ẹjọ́? Ọmọ yín ni. Ó ti pé ọdún 18, òun ni wọ́n fẹ̀sùn kàn, orúkọ rẹ̀ ló máa wà lórí fọ́ọ̀mù, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí kì í gbowó oṣù sì ni.

Bó bá jẹ́ obìnrin tí ọkọ ń lù ni, tàbí ọmọ kékeré tí wọ́n fìyà jẹ, ǹ bá ní kí ẹ kọ́kọ́ wá àwọn FIDA, ẹgbẹ́ àwọn amòfin obìnrin, tó ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 1964. Ẹ fi í sọ́kàn fún ẹlòmíràn ní ọjà yín.

Ó kan ìwé tí ọmọ yín fọwọ́ sí ní àgọ́ ọlọ́pàá. Èyí ló ń kọ mí lóminú nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n gbé fáìlì ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì fún mi. Jẹnẹrétọ̀ ló sọnù ní ti wọn. Ọlọ́pàá bi í pé ta ló gbé e kẹ́yìn. Ọmọ náà dáhùn, lédè Yorùbá, pé òun ni òun gbé e: òjò ṣú, ó gbé e kúrò níta wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó ti ilẹ̀kùn, ó lọ sílé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó jókòó síwájú mi, mo na ìwé náà sílẹ̀ lórí tábìlì, mo ń tú u sí Yorùbá fún un ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, mo ń fi bírò tọ́ka sí i. A dé ibì kan tí wọ́n kọ pé òun ló gbé jẹnẹrétọ̀ náà lọ. Ó dá mi dúró. Ó ní, "Àǹtí, mi ò sọ 'lọ'." Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì, bíi pé mo fẹ́ bá a jiyàn: "Mi ò sọ 'lọ' o." Àtàǹpàkò rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ ìwé, yíǹkì búlúù, ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ẹ lè ka ìlà ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré. Ọdún kan àti oṣù méjì ló gbà wá kí a tó bọ́ lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ kan yẹn.

Nítorí náà, lálẹ́ òní, ẹ jókòó ti ọmọ yín. Ẹ má bínú sí i, ẹ má sì kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ. Ẹ jẹ́ kó rántí ohun tí wọ́n bi í, ohun tó fi dáhùn, ẹni tó kọ ọ́, bóyá Yorùbá ni tàbí Gẹ̀ẹ́sì, bóyá ẹnikẹ́ni kà á sí i létí kó tó fọwọ́ sí i, bóyá wọ́n nà án. Ẹ wá ọmọ iléèwé kan nínú ilé kó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé bó ṣe ń ti ẹnu rẹ̀ jáde. Lọ́yà tó bá gba ẹjọ́ yín, ìwé yẹn ló máa kọ́kọ́ wúlò fún un. Ìrántí máa ń ṣá. Bó bá fi máa di oṣù mẹ́ta, ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ ní àdúgbò á ti dà pọ̀ mọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an.

Òfin wà lẹ́yìn ọmọ yín lórí èyí. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé ẹni tí wọ́n mú lè pa ẹnu mọ́ títí yóò fi rí lọ́yà rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn tó bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ lọ̀. Ó sọ pé kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi mú un fún un láàárín wákàtí 24, ní èdè tó gbọ́. Ó tún sọ pé bí kóòtù bá wà láàárín 40 kìlómítà sí ibi tí wọ́n tì í mọ́, ọjọ́ kan ni wọ́n ní láti gbé e débẹ̀. Ìyá, kóòtù Májísíréètì wà nínú Ògbómọ̀ṣọ́. Ọjọ́ kan ni, kì í ṣe mẹ́fà. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sì fi kún un pé a kò gbọdọ̀ torí gbèsè tàbí àdéhùn tó yẹ̀ lásán mú ènìyàn. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀sùn ọ̀gá ni pé ọmọ yín kò ti ilẹ̀kùn dáadáa tí olè fi wọlé, ọ̀rọ̀ owó ẹ̀rọ nìyẹn láàárín òun àti yín, kò kan àtìmọ́lé rárá.

Ní ti ogójì ẹgbẹ̀rún náírà, bélì ọlọ́pàá kò ní owó. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri àgọ́ wọn fúnra wọn. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ san án sílẹ̀, bí ẹni tó gbà á ṣe rí, ẹni tó wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ fi fóònù ránṣẹ́ sí àkáǹtì ni, ẹ má pa àlẹ́ẹ̀tì rẹ̀ rẹ́. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀ ìjà. Inú mi ò dùn láti sọ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀tọ́ yín ni. Kí ọmọ kọ́kọ́ bọ́ ná. Bí ọmọ bá ti bọ́, lọ́yà yín lè gbé ọ̀rọ̀ ọjọ́ mẹ́fà náà lọ sí kóòtù gíga pé wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, irú ẹjọ́ yẹn náà sì wà lára ohun tí Legal Aid Council ń ṣe.

Ẹ ní ṣé wọn ò ní fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ìbéèrè gidi ni, mi ò sì ní parọ́ fún yín. Lọ́yà tó ń ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní ẹjọ́ mìíràn tó ń jẹun níbẹ̀, àwọn kan sì wà tí wọ́n máa ń fi tálákà ṣe ìkẹyìn. Ṣùgbọ́n òfin tó de iṣẹ́ wa kò pín lọ́yà sí méjì. Lọ́jọ́ tí mo bá ti dìde ní kóòtù tí mo ní èmi ni mo dúró fún ẹnì kan, gbèsè tí mo jẹ ẹni tó san mílíọ̀nù ni mo jẹ ẹ́. Ẹ rántí Gani Fawehinmi, ọmọ Oǹdó, tó kú ní 2009. Àìmọye mẹ̀kúnnù ló bá rojọ́ láìgba kọ́bọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀ ti fi oyè agbẹjọ́rò àgbà fún mẹ̀kúnnù dá a lọ́lá ní 1988, ọdún 13 kí wọ́n tó fún un ní SAN, oyè agbẹjọ́rò àgbà ti Nàìjíríà. Ta ló lè sọ pé ẹjọ́ ọ̀fẹ́ Gani jẹ́ ẹjọ́ yẹpẹrẹ?

Òwe tí ẹ pa náà, ìyá mi, kò bá yín wí. Ẹ ti jìyà fún un. Ọjọ́ mẹ́fà tí ẹ fi ń gbé oúnjẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ìyà nìyẹn.

Bí ẹ ṣe máa mọ lọ́yà tó ní í lọ́kàn nìyí. Ó máa fẹ́ rí ọmọ náà fúnra rẹ̀, á sì ní kí ẹ bọ́ síta díẹ̀ kí àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dùn yín. Ohun tí ọmọ ò lè sọ níwájú ìyá lè jẹ́ ohun tó máa gbà á là. Ó máa béèrè ọ̀rọ̀ tó le. Kò ní bá yín búra pé ẹ máa jàre. Ẹni tó bá ní òun mọ adájọ́, ẹ sá fún un. Bí lọ́yà yín bá sì pa ọjọ́ ẹjọ́ jẹ lẹ́ẹ̀mejì láìránṣẹ́, ẹ padà lọ bá ẹni tó fi í lé yín lọ́wọ́, ẹ fi ohùn tútù sọ ọ́. Kì í ṣe àìmoore.

Iṣẹ́ lọ́yà ni ọ̀fẹ́. Owó fọ́tòkọ́pì, owó ọkọ̀ àti owó tí kóòtù ń gbà fún ìwé kan lè ṣì kàn yín. Ẹ béèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an, kí ẹ mọ̀. Àwọn kan máa ń dúró lẹ́nu géètì kóòtù, wọ́n á ní àwọn ń bá lọ́yà ọ̀fẹ́ ṣiṣẹ́, kí ẹ mú owó fọ́ọ̀mù wá. Ẹ ní kí ó jẹ́ kí ẹ jọ dé ọ́fíìsì, kí ó kọ rìsíìtì fún yín níbẹ̀. Á wábi gbà.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ìdílé kì í mọ̀ títí ó fi ṣẹlẹ̀ lójú wọn. Bélì tí ẹ gbà lọ́wọ́ ọlọ́pàá máa parí lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé ọmọ dé kóòtù. Májísíréètì ló máa pinnu bélì mìíràn, ó sì lè ní kí ẹ mú onídùúró kan tàbí méjì wá, ẹni tó ń gbé ní ìlú, tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ tàbí ilé. Bí ìdílé bá dé kóòtù lọ́wọ́ òfo, adájọ́ á fún wọn ní bélì, wọn ò sì ní rí i lò. Ọmọ á ti kóòtù wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ju ìdajì lọ nínú àwọn tó wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n ní Nàìjíríà ni kóòtù kò tíì dá lẹ́bi. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, onídùúró ni wọn ò rí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bá ènìyàn sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí: àbúrò bàbá rẹ̀ tó bá ń ṣiṣẹ́ ìjọba, pásítọ̀ tàbí àlùfáà yín, ẹni tó nílé ládùúgbò. Kí wọ́n ti ní fọ́tò pélébé àti ìwé ìdánimọ̀ wọn lọ́wọ́. Bí ohun tí adájọ́ béèrè bá wúwo jù, lọ́yà yín lè bẹ̀ ẹ́ kó dín in kù. Níbẹ̀ gan-an ni lọ́yà ọ̀fẹ́ ti máa ń wúlò jù lọ lójú tèmi, ju ọjọ́ tí wọ́n bá ń pe ẹlẹ́rìí lọ.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá ńkọ́? A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, oṣù mẹ́rin ló sì kù kí ọmọ gba fírídọ̀ọ̀mù. Ẹ ṣì lè gbìyànjú kí wọ́n tó gbé e dé kóòtù. Ẹ mú alága ẹgbẹ́ àwọn wẹ́dà àti àgbàlagbà kan lẹ́yìn, ẹ lọ bá a nílé, kì í ṣe ní ṣọ́ọ̀bù níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́. Ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀; ẹ̀rọ rẹ̀ sọnù, ìyẹn náà dun òun. Ṣùgbọ́n, ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan pé ẹ máa san 350,000 náírà náà kí lọ́yà tó kà á, bó ti wù kí wọ́n fi ìfẹ́ gbé e kalẹ̀ tó. Ìwé àánú lónìí lè di ìwé ìjẹ́wọ́ ní kóòtù lọ́la. Bí ẹjọ́ bá sì ti dé kóòtù, kì í ṣe ti ọ̀gá nìkan mọ́. Ó lè ní òun ti dárí jì í, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣojú ìjọba nínú ẹjọ́ náà ló máa sọ bóyá àwọn fi í sílẹ̀.

Lọ́jọ́ ẹjọ́ náà, kí ẹ ti wà níbẹ̀ kó tó di aago mẹ́jọ. Bí wọ́n bá pe orúkọ ọmọ yín tí lọ́yà kò sì tíì dé, kó má ṣe sá, kó má sì gbọ̀n. Kó dìde, kó ní òun fẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́ lédè Yorùbá. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, ògbufọ̀ kóòtù kò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ka ẹ̀sùn sí i létí, tí wọ́n bi í bóyá ó jẹ̀bi, ẹnì kan lè sọ sí i létí pé kó gbà pé òun jẹ̀bi kí adájọ́ lè ṣàánú rẹ̀. Kó má gbọ́ tirẹ̀. Bí kò bá jí ẹ̀rọ yẹn, ohun tó máa sọ ni: "Olúwa mi, mi ò jẹ̀bi. Mo ní lọ́yà, ó ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ kó dé."